Kíka àjèjì nínú ìtàn Gothic: Bertha, Dracula, Heathcliff. Kí ló kù lẹ́yìn tí a bá kó àpẹẹrẹ jọ tán?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àṣekágbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lítíréṣọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ni mo bá wá. Bí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn Gothic, ìyẹn ìtàn ìbẹ̀rù àti àṣírí, ní Ìlú Ọba ṣe ń sọ ẹlòmíràn di àjèjì ni mo ń kọ lé lórí, tíọ́rì postcolonial, tó ń wo ohun tí ìmúnisìn ṣe sínú ìwé, ni mo sì fi ń ka ìwé mẹ́ta: *Jane Eyre* àti *Wuthering Heights*, tí méjèèjì jáde ní 1847, àti *Dracula* tó jáde ní 1897. Bertha ni ìyàwó tí Rochester, ọ̀gá Jane, tì mọ́ òkè ilé nínú *Jane Eyre*; Heathcliff ni ọmọ tí wọ́n gbé wálé nínú *Wuthering Heights*; Dracula sì ni amùjẹ̀ ará Transylvania. Èdè Yorùbá ni mo fi ń kọ iṣẹ́ náà.

Ojú ewé mẹ́rìnlá ló ti wà nílẹ̀, àpẹẹrẹ sì ni gbogbo rẹ̀: ibi tí wọ́n ti fi Bertha wé ẹranko, ibi tí wọ́n ti ní Heathcliff dúdú bí ẹni tó ti ọ̀dọ̀ èṣù wá, ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe etí àti eyín Dracula. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà fi gègé pupa kọ ọ́ sí i pé: "O ti kó wọn jọ. Kí lo wá ń sọ?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pọ́n mi lójú nìyí:

1. Ṣé aláwọ̀ dúdú ni Bertha Mason ni àbí aláwọ̀ funfun? Bí mo bá ka lámèyítọ́ kan, dúdú ni. Bí mo bá ka òmíràn, funfun ni.
2. Ọlọ́lá ará Yúróòpù ni Dracula. Ta ló mú un sìn tí tíọ́rì yìí fi kàn án?
3. Ṣé mo lè kọ ọ́ bí òtítọ́ pé ọmọ ẹrú láti Áfíríkà ni Heathcliff?
4. Ṣé ó bójú mu kí n fi iwin àti ànjọ̀nnú tiwa wé àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí?

Bàbá_Onígègé

Ọmọ mi, o kú akitiyan. Ohun tí wọ́n sọ nípa àjèjì lo kó jọ; o ò kó ẹni tó sọ ọ́ mọ́ ọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú ìtàn Gothic, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni wọ́n sábà máa ń rò fún wa, olùjẹ́jọ́ kì í sí níjokòó.

Mú ìwé kan kí o pín ojú ewé rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin. Ní ọ̀nà kìíní, kọ orí àti ojú ewé. Ní ìkejì, ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló sì ń bá sọ ọ́. Ní ìkẹta, ṣé ó fojú ara rẹ̀ rí i ni, àbí wọ́n rò ó fún un. Ní ìkẹrin, kí ni yóò rí jẹ bí a bá gbà á gbọ́. Ọ̀nà kẹrin yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, òun gan-an ni ọ̀gá rẹ sì ń bi ọ́ léèrè.

Jẹ́ ká fi Bertha dán an wò. Wá ibi tí Bertha ti sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nínú *Jane Eyre*. O ò ní rí i. Ní orí 20, Richard Mason, arákùnrin rẹ̀ tí Bertha fi ọ̀bẹ gún tó sì gé jẹ, ń sọ fún Rochester pé Bertha ní òun máa fa ẹ̀jẹ̀ ọkàn arákùnrin òun gbẹ. Ọ̀rọ̀ Bertha kan ṣoṣo tó dé etí wa nìyẹn, ẹnu ẹlòmíràn ló sì ti jáde.

Bọ́ sí orí 26. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, agbẹjọ́rò Briggs ka ìwé kan sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju èyí lọ: ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ní Spanish Town ní Jàmáíkà, Rochester gbé Bertha Antoinetta Mason níyàwó, ọmọ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Jonas Mason àti Antoinetta ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n pè ní Creole. Kò sí wèrè níbẹ̀, kò sí ọtí, kò sí ìyá tí orí rẹ̀ dàrú. Gbogbo ìyẹn, ẹnu Rochester ló ti jáde, ní wákàtí kan náà tí wọ́n ká a mọ́ ibi tó ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì lé ìyàwó lábẹ́ òfin tí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní orí 27 ló tó wá rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún Jane, ẹni tí Rochester ń bẹ̀ pé kó má lọ. Níbẹ̀ náà ló ti jẹ́wọ́ pé £30,000 tó máa bá Bertha wá ni bàbá òun ń wò. Kọ ọ́ sí ọ̀nà kẹrin.

Tún wo ẹnu Grace Poole, tó ń bá Bertha gbé tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Rochester bi í pé báwo ni ara aláìsàn rẹ̀, èsì tó fọ̀ ni pé ó ń kanra díẹ̀, àmọ́ kò tíì ya ìgboro. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìlà díẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni Jane fojú ara rẹ̀ rí i, tí kò sì mọ̀ bóyá ẹranko ni àbí ènìyàn, tó ń fi ọwọ́ òun ẹsẹ̀ rìn. Ojú méjì, yàrá kan. Mi ò ní kí o kọ ọ́ pé orí Bertha pé o! Ó dáná sun ilé, ó fi ọ̀bẹ gún ènìyàn. Mo ní kí o wo iye ohùn tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀, àti bí wọn kò ṣe bára mu.

Nípa àwọ̀, má yan ọ̀kan. Nígbà náà, ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Karíbíà ni wọ́n ń pè ní Creole, ìbáà jẹ́ funfun, ìbáà jẹ́ dúdú. Bí o bá kọ "Bertha jẹ́ dúdú", olùyẹ̀wò yóò ní kí o fi ojú ewé hàn án, o ò sì ní rí i fi hàn. Ohun tó ṣeé fi hàn ni èyí: ní orí 25, ṣáájú ìgbà tí Jane mọ orúkọ obìnrin náà rárá, ó ti ṣàpèjúwe ojú tó rí elésè-àlùkò, ètè tó wú tó sì dúdú, ó sì fi í wé òkú amùjẹ̀ inú ìtàn àwọn ará Jámánì. Àmì náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára kí orúkọ tó dé. Ọmọ ẹni tó ní oko ní West Indies ni wọ́n kùn ní dúdú báyìí. Àwọn dúdú tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko náà kò yọjú lójú ewé kankan. Susan Meyer tọ ọ̀nà yìí nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní 1990, kà á.

Ohun kan tún kù tí ọ̀pọ̀ kì í wò: ọ̀nà tí owó gbà. Jane jogún £20,000 lọ́wọ́ John Eyre, arákùnrin bàbá rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Madeira, ó sì pín in sí mẹ́rin, £5,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Madeira yìí kan náà ni Mason dúró sí láti tọ́jú ara rẹ̀ kó tó padà sí Jàmáíkà, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ pé Rochester fẹ́ gbéyàwó, nítorí lẹ́tà tí Jane kọ sí John Eyre. Ọ̀nà òkun kan náà ni ogún àti àṣírí gbà wọlé. Jane pe ara rẹ̀ ní ẹrú ọlọ̀tẹ̀ ní orí 2, ó pe John Reed ní ọ̀gá ẹrú ní orí 1. Ó yá ọ̀rọ̀ ẹrú lò. Ìgbà wo ló wá yíjú sí ẹrú fúnra rẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kí orí kejì rẹ máa bì nìyẹn.

Àǹtí_Lámèyítọ́

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú Dracula, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń forí gbárí.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó mú Dracula sìn. Transylvania kò sí lábẹ́ Ìlú Ọba rí. Abẹ́ Hungary, nínú ìjọba Austria òun Hungary, ló wà nígbà tí ìwé náà jáde. Ìbẹ̀rù ni ìwé náà ń sọ: pé ohun tí Ìlú Ọba ń ṣe sí ilẹ̀ onílẹ̀ lè yíjú padà wá bá a nílé. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Stephen Arata ló là á yé wa nínú jọ́nà *Victorian Studies* ní 1990, nígbà tó pe Dracula ní ìtàn ìmúnisìn tó forí padà.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà. Ní orí 1, kí Harker, agbẹjọ́rò ará Ìlú Ọba tó ń lọ bá Dracula, tó kúrò ní London, ó lọ ka ìwé àti àwòrán ilẹ̀ Transylvania ní ilé ìkàwé British Museum. Ní orí 2, ó bá yàrá ìwé nínú ilé Dracula: ìwé orúkọ àwọn ará London, àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọ̀gá ológun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi, ti àwọn amòfin, àlímánáàkì Whitaker. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún bá a tó sùn sórí àga tó ń ka ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin Ìlú Ọba. Bí Harker ṣe kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ rẹ̀ ni òun náà ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ Harker. A máa ń sọ pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran; Dracula kọ̀ láti ṣe irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo ènìyàn ló mọ òun ní ilẹ̀ òun, pé àjèjì ní ilẹ̀ àjèjì kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ó sì dá Harker dúró kí ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè já gaara. Ẹni tó bá ti gbé London rí mọ ohun tó ń wí.

Ẹ tọ ipa àpótí náà. Àádọ́ta àpótí erùpẹ̀ ló bá ọkọ̀ *Demeter* láti Varna dé Whitby, tí wọ́n sì kó lọ sí Carfax, ilé tí Dracula rà ní Purfleet. Lẹ́yìn náà, mẹ́fà lọ sí Chicksand Street ní Mile End, mẹ́fà lọ sí Jamaica Lane ní Bermondsey, mẹ́sàn-án lọ sí Piccadilly. 29 ṣẹ́kù sí Carfax. Ẹ ṣírò ó, ó pé. Ẹ wá fi àwòrán London sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà oòrùn London, níbi tí Chicksand Street wà, ni àwọn Júù láti ìlà oòrùn Yúróòpù ń tẹ̀dó sí nígbà náà, ìbínú sí wọn sì wà lára ohun tó bí òfin tó ń dí àjèjì lọ́nà ní 1905. Ẹ má sì fo Hildesheim, Júù tó gba àpótí Dracula ní Galatz. Ojú ewé kan péré ló lò, imú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ sọ, wọ́n fi wé ti àgùntàn. Ní orí 25, Mina, ìyàwó Harker, fi orúkọ Nordau àti Lombroso jẹ́rìí pé ọ̀daràn ni Dracula láti inú ẹ̀dá rẹ̀ wá. Lombroso ni onímọ̀ ará Ítálì tó ní ìrísí ojú lè fi ọ̀daràn hàn. Etí àti eyín tí ẹ kó jọ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ti ń kọ ẹ̀sùn sójú ẹni láti orí 2.

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ pé igi ṣóńṣó ni wọ́n fi pa Dracula. Lucy, ọ̀rẹ́ Mina tí Dracula sọ di amùjẹ̀, ni wọ́n kan igi mọ́ láyà. Ti Dracula, ní orí 27, ọ̀bẹ méjì ni: Harker fi kukri gé e lọ́fun, Quincey Morris ará Texas fi ọ̀bẹ bowie gún un lọ́kàn. Kukri ni ọ̀bẹ àwọn Gurkha ará Nepal, tí wọ́n ń jagun fún Ìlú Ọba ní Íńdíà. Ọ̀bẹ bowie, ti àwọn tó ń gba ilẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀bẹ wọ̀nyí ti sọ ẹ̀rí tó dára jù nù.

Ọ̀nà mẹ́rin tí Bàbá là sílẹ̀ ṣiṣẹ́ níbí náà. Ìwé ìrántí, lẹ́tà, wáyà àti ìwé ìròyìn ni wọ́n fi hun *Dracula*, àwọn tó ń lé Dracula ló sì kọ èyí tó pọ̀ jù. Yàtọ̀ sí lẹ́tà kúkúrú kan tí Harker dà kọ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní orí 1, a kò rí ọ̀rọ̀ tí Dracula fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Mina ló fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo rẹ̀ tó sì tò ó ní ẹsẹẹsẹ. Ìwé náà sì parí pẹ̀lú ìjẹ́wọ́ Harker pé nínú gbogbo òkìtì yẹn, agbára káká ni wọ́n fi lè rí ìwé kan tó jẹ́ ojúlówó, pé títẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Atúmọ̀_Èdè

Ìbéèrè kẹta: rárá, ẹ má kọ ọ́ bí òtítọ́. Ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀, ó tó.

Ohun tó wà nílẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Earnshaw, onílé Wuthering Heights, rin 60 máìlì lọ sí Liverpool, ó rin 60 bọ̀, ó sì gbé ọmọ kan wálé. Ìṣirò tí C. P. Sanger ṣe ní 1926 láti inú àwọn ọjọ́ àti ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé náà gbé e sí 1771. Nígbà yẹn, Liverpool ni èbúté òwò ẹrú tó tóbi jù ní Ìlú Ọba. Ìdájọ́ Lord Mansfield lórí ọ̀rọ̀ James Somerset, pé olówó rẹ̀ kò lè fi ipá gbé e kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún tó tẹ̀ lé e ló wáyé, 1772. Nelly Dean, ìránṣẹ́ ilé tó ń rò ìtàn náà, ní ọ̀gá òun wá olówó ọmọ náà kiri ní Liverpool, kò sì rí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Òbí la máa ń wá fún ọmọ tó sọnù.

Àmọ́ ìwé náà tún tú ọ̀nà ká lójú wa. Wọ́n pè é ní jípúsì. Ọ̀gbẹ́ni Linton ní bóyá ọmọ Lascar ni, ìyẹn àwọn atukọ̀ ará Íńdíà, tàbí ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ti Sípéènì tí ọkọ̀ jù sílẹ̀. Nelly, tó ń ṣìpẹ̀ fún un, ní ta ló mọ̀ bóyá ọba Ṣáínà ni bàbá rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ olorì ní Íńdíà. Terry Eagleton, ní 1995, fi í wé ọmọ Áyálándì tó sá fún ìyàn. Àmọ́ ìyàn yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1845, ọdún 1771 sì ni ìtàn wà. Ó bá ìgbà tí Emily Brontë ń kọ̀wé mu, kò bá ìgbà inú ìtàn mu. Ẹ ya ìgbà méjèèjì sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ yín. Fíìmù 2011 tí wọ́n ti fi òṣèré aláwọ̀ dúdú ṣe Heathcliff, ìtumọ̀ olùdarí ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Níwọ̀n bí Yorùbá ti jẹ́ èdè tí ẹ fi ń kọ, ọ̀fìn méjì wà lójú ọ̀nà yín.

Àkọ́kọ́ ni "ó". Nígbà tí Nelly ń sọ bí ọmọ náà ṣe wọlé, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹran àti nǹkan ló lò fún un. "Ó" tiwa ń jẹ́ ọkùnrin, ó ń jẹ́ obìnrin, ó ń jẹ́ àga. Bí ẹ bá túmọ̀ ẹsẹ yẹn báyìí, ìwà tí wọ́n hù sí ọmọ náà ti pòórá, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ fi gbólóhùn kan sí i láti sọ pé bí nǹkan ni wọ́n ṣe pè é.

Ìkejì ni èṣù tí ẹ kọ sókè yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ náà dúdú bí ẹni pé ọ̀dọ̀ devil ló ti wá. Bíbélì tí Ajayi Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ló gbé orúkọ Èṣù Láàlú wọ devil lọ́rùn. Nínú iṣẹ́ tó dá lórí sísọ ẹlòmíràn di àjèjì, ẹ ò lè fi òrìṣà tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà kí ẹ sì máa lọ. Ẹ lo Sàtánì.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àṣekágbá

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, Àǹtí, àti Atúmọ̀ wa. Mo ti ń to ojú ewé mẹ́rìnlá náà sínú ọ̀nà mẹ́rin. Ti Bertha ti so èso: méjìlá nínú àpẹẹrẹ tí mo ní ló jẹ́ ti Rochester tàbí Jane.

Ìbéèrè kan ṣì kù. Mo fẹ́ lo *Wide Sargasso Sea* láti fi hàn pé Rochester parọ́, torí ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ohùn Bertha fúnra rẹ̀. Ṣé ó tọ́?

Bàbá_Onígègé

Kò tọ́. Jean Rhys, ọmọ bíbí Dominica, ló kọ ìyẹn ní 1966, ọdún 119 lẹ́yìn *Jane Eyre*. Èsì ni; a kì í fi èsì ṣe ẹlẹ́rìí ohun tó ń fèsì sí. Ó tún yí ọdún padà: ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí òfin ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀, nígbà tí àwọn olóko ń retí owó gbà-má-bínú. Àwọn olówó ẹrú ni wọ́n ya £20 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún o, àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú kò gba kọ́bọ̀. Tún kíyè sí orúkọ: Antoinette ni Rhys pè é, ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bertha. Má pe obìnrin inú *Jane Eyre* ní Antoinette.

Bí o bá fẹ́ lo Rhys, fún un ní abala tirẹ̀, kí o sì ka Spivak, lámèyítọ́ postcolonial, pẹ̀lú rẹ̀, àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1985. Òun ló sọ pé Bertha ní láti dáná sun ilé kó sì kú kí Jane tó lè di akọni obìnrin. Ó sì tún wo Rhys náà lójú: Christophine, obìnrin dúdú tó gbójú sí ọkọ náà jù lọ, kàn rìn jáde nínú ìtàn, kò padà mọ́.

Òǹtẹ̀wé_Àgbà

Ẹ ò dárúkọ *Frankenstein*, ìtàn ẹ̀dá abàmì tí onímọ̀ kan dá, àmọ́ ẹ fi ìpínrọ̀ kan sí i, torí ibẹ̀ ni ẹ̀dá ìtàn ti wọ ilé aṣòfin. Ní March 1824, George Canning dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba, ó fi ẹrú tí wọ́n bá sáré dá sílẹ̀ wé ẹ̀dá inú ìtàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: agbára àgbàlagbà, làákàyè ọmọdé. Ìwé tí kò tíì pé ọdún méje ni wọ́n ti fi ń ṣe òṣèlú ọ̀rọ̀ ẹrú. H. L. Malchow kọ lórí èyí ní 1993.

Ẹ ṣọ́ àtẹ̀jáde o. Ti 1818 jẹ́ ìdìpọ̀ mẹ́ta, orí sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 1 nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ti 1831 tò lẹ́sẹẹsẹ dé orí 24. Bí ẹ bá kàn kọ "orí 4", kò sí ẹni tó máa mọ èyí tí ẹ ń wí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà nìkan: ibi tí Clerval, ọ̀rẹ́ Frankenstein, ti ń gbèrò láti lọ sí Íńdíà kó lè ran ìmúnisìn àti òwò Yúróòpù lọ́wọ́, 1831 ló wọlé.

Lórí owó tí Bàbá sọ, ẹ tún wo àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn. William Beckford tó kọ *Vathek*, oko ìrèké Jàmáíkà ló fi lówó. Matthew Lewis tó kọ *The Monk* jogún oko àti ẹrú ní Jàmáíkà, ó lọ wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ibà sì pa á lójú òkun nígbà tó ń padà bọ̀ ní 1818.

Àǹtí_Lámèyítọ́

Ìbéèrè kẹrin ti fẹ́ sọnù. Ní tèmi, ẹ yọ iwin àti ànjọ̀nnú kúrò. Iwin kì í ṣe ará òkèèrè. Igbó ìlú wa ló ń gbé, ọdẹ mọ ojú rẹ̀, a mọ ètùtù rẹ̀. Dracula ń gba ibodè kọjá, ìwé àṣẹ ilé ló fi ń ra ilé. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó so mọ́ wa ní tòótọ́, ẹ wo Helen Oyeyemi, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní London. *White Is for Witching* rẹ̀, ti 2009, fi ilé kan sí Dover tó kórìíra àjèjì. Ilé Gothic náà ló ń ṣe iṣẹ́ aṣọ́bodè.

Atúmọ̀_Èdè

Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, mi ò fara mọ́ ọn pé kó yọ ọ́ pátápátá. Ìyàtọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ló tó ìpínrọ̀ kan: ẹ̀dá abàmì tó jẹ́ aládùúgbò, àti ẹ̀dá abàmì tó jẹ́ àjèjì. Kó sáà má ju ìpínrọ̀ kan lọ, kó sì wà ní ìparí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àṣekágbá

Mo ti gbìyànjú gbólóhùn tí orí kejì máa dúró lé. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Nínú *Jane Eyre*, ọkùnrin tó jẹ owó orí Bertha ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ṣàlàyé bí wèrè rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Jàmáíkà, àmì dúdú tí ìwé náà lẹ̀ mọ́ obìnrin náà lára sì ń bo àwọn dúdú tí owó náà ti ọwọ́ wọn wá mọ́lẹ̀."

Atúmọ̀_Èdè

Ó ti dúró. "Owó orí" nìkan ni kí ẹ yọ. Ọkọ ló ń san owó orí fún ilé ìyàwó níbí; £30,000 yẹn, ilé ìyàwó ló ti wá, ọwọ́ ọkọ ló sì bọ́ sí, torí kí òfin 1870 àti 1882 tó dé, ohun tí obìnrin bá mú wọ ilé ọkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ti ọkọ. Bí ẹ bá pè é ní owó orí, òǹkàwé Yorùbá máa rò pé Rochester ló náwó. Ẹ kọ "ọkùnrin tó gba £30,000 lórí Bertha", kí ẹ sì fi orí 27 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.